Ọmọ tó ní òun lè dá a ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní nọ́sìrì, ẹ wá gbọ́ tèmi o. Tíṣà ọmọ mi ló pè wá sí mítìn tó ní ká yéé ṣe gbogbo nǹkan fáwọn ọmọ yìí, pé ọmọ ọdún 4 tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ wá kàtúùnù lórí fóònù lè wọ bàtà fúnra ẹ̀. Ó mẹ́nu ba Montessori, dókítà obìnrin ará Ítálì yẹn tó ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1907, pé kí gbogbo nǹkan ṣáà ti wà níbi tọ́wọ́ ọmọ á tó o. (Ní Ìbàdàn tiwa, tí wọ́n bá ti kọ Montessori sára ògiri sùkúù, owó ẹ̀ lọ́wọ́ ò ní tó o.)

Mo bá gbájú mọ́ ọn. Mo kó aṣọ ẹ̀ wá sísàlẹ̀ wọ́dúróòbù, mo ra bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, mo kọ́ ọ pé bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ni kó máa kọ́kọ́ dè kí ẹ̀wù má bàa wọ́ sápá kan. Ti bàtà ló dùn mọ́ mi jù: mo gé sítíkà labalábá sí méjì, mo lẹ ìdajì mọ́ inú bàtà ọ̀tún, ìdajì mọ́ ti òsì, tí labalábá ò bá ti pé, ó ti wọ̀ ọ́ lódì nìyẹn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ fi di "Ẹ fi mí lẹ̀, mo lè dá a ṣe."

Ló bá di Sátidé. Mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, ìró lásán ló wà lára mi, mo kàn gbọ́ gbà! Ọmọ ti tìlẹ̀kùn, ó ti yí kọ́kọ́rọ́.

"Àdùkẹ́, ṣílẹ̀kùn!"

"Mò ń wọṣọ, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa tìlẹ̀kùn tí n bá ń wọṣọ."

Ilẹ̀kùn yàrá ni mo sọ o, kì í ṣe tìta! Òjò ti ń kán, mò ń wò ó látojú fèrèsé, ó jókòó sílẹ̀, ó yọ ahọ́n síta, bọ́tìnnì kan wọlé, èkejì kọ̀, ó tú gbogbo ẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó wá yí kọ́kọ́rọ́ sọ́tùn-ún, ó ní "Ẹ má sọ fún mi, Mọ́mì, mo fẹ́ dá a ṣe ni." Ìyá Ìbejì aládùúgbò wa tó yẹ kó bá mi bẹ̀ ẹ́ ti rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó. Ẹ̀wù parí, ó tún ní ó ku bàtà. Bàtà nínú ilé!

Fóònù mi wà nínú ilé o, bàbá ẹ̀ sì pè. Mò ń gbọ́: "Dádì, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo ti tìlẹ̀kùn. Mọ́mì wà níta, wọ́n ń pariwo." Ó sì pa á.

Nígbà tí labalábá pé tán, màdáàmù wá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n nà án ni àbí kí n pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbejì bá mi pàtẹ́wọ́ ọ̀hún.

Ká tó mọ̀ ọ́n ọ̀kadà ti dúró, ọkọ mi fò sọ̀ kalẹ̀, wẹ́dà tẹ̀lé e pẹ̀lú òòlù. Wẹ́dà wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó wo èmi tí mo rin gbingbin, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n oníbàárà lòun fi sílẹ̀ wá o, ta ló máa sanwó òun?

Àdùkẹ́ ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí Milo tó ń mu.

"Mọ́mì mi ni. Èmi ṣì kéré."