Ta ló ń dí ọmọ ará Éṣíà lọ́nà ní ẹnu ọ̀nà Harvard?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá wọ́n ń rẹ́ àwọn ọmọ tí ìdílé wọn ti ilẹ̀ Éṣíà wá jẹ nígbà tí wọ́n bá ń wá àyè sí àwọn yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà, èmi yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré tán ní Harvard, níbi tí ẹjọ́ ti tú bí wọ́n ṣe ń yan ọmọ síta fún gbogbo ayé. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ibi tí wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ kọ́ ni wọ́n ti lọ wá àtúnṣe. Àwa òbí Yorùbá tí a ń tọ́ ọmọ ní Maryland níhìn-ín máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé àwa àti àwọn ará Ṣáínà tàbí àwọn ará Íńdíà ni a jọ ń du àyè kan ṣoṣo, mo sì gbà pé àṣìlóye gbáà ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Students for Fair Admissions, tí Edward Blum, ẹni tí kò fẹ́ kí yunifásítì máa wo ẹ̀yà nígbà tí wọ́n bá ń yan ọmọ, dá sílẹ̀, pe Harvard lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Boston. Ẹjọ́ náà ló mú kí yunifásítì náà kó àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́fà jáde, ti àwọn ọmọ tí ó lé ní 160,000. Láti inú rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ka fọ́ọ̀mù máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 6, tí 1 sì dára jù: ti ẹ̀kọ́ ìwé lọ́tọ̀, ti ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀, ti eré ìdárayá lọ́tọ̀, ti ìwà lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ ará Éṣíà ló ta yọ jù nínú ti ẹ̀kọ́, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan máàkì ìwà, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọmọ nígboyà, bóyá ó láàánú, bóyá ó ṣe é bá gbé, àwọn ni wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá láàárín ẹ̀yà mẹ́rin tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń wá àyè.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fúnni ní máàkì yìí kì í sábà rí ọmọ náà sójú. Àwọn tí wọ́n máa ń jókòó bá a sọ̀rọ̀ ni àwọn tí wọ́n ti kàwé jáde ní Harvard tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wà nítòsí ibi tí ọmọ ń gbé, máàkì tí àwọn wọ̀nyí sì fún àwọn ọmọ ará Éṣíà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun. Ẹni tí ó rí ọmọ sọ pé ọmọ dáadáa ni. Ẹni tí kò rí i ló sọ pé ìwà rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Nílé Yorùbá, ẹni tí ó sọ pé ọmọ rẹ kò mọ̀wé kò tíì bú ọ tó ẹni tí ó sọ pé ọmọ rẹ kò níwà, ìdí nìyí tí n kò fi lè ka apá yìí nínú ẹ̀rí náà kí inú má bí mi.

Peter Arcidiacono, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé láti yunifásítì Duke, ló ṣe ìṣirò fún àwọn olùpẹjọ́. Ó ní ọmọkùnrin ará Éṣíà tí àǹfààní àtiwọlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ì bá ní ìdá 35 ká ní aláwọ̀ funfun ni, tí gbogbo nǹkan yòókù nípa rẹ̀ kò sì yí padà. David Card láti Berkeley ló dáhùn fún Harvard, ó ní bí a bá ka máàkì ìwà àti iṣẹ́ tí àwọn òbí ń ṣe mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà kò ní tó nǹkan mọ́. Ẹjọ́ wá já sórí ohun kan ṣoṣo, pé ṣé máàkì ìwà náà fúnra rẹ̀ mọ́? Adájọ́ Allison Burroughs, tí ó dá Harvard láre ní ọdún 2019, gbà pé ìyàtọ̀ wà nínú máàkì yìí, ṣùgbọ́n ó ní kò sí ẹ̀rí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé lẹ́tà tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ń kọ nípa àwọn ọmọ ló fà á. Èsì yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kọ ẹ̀tanú sínú lẹ́tà, tí yunifásítì sì sọ ẹ̀tanú náà di máàkì tí ó fi ń ti ilẹ̀kùn, ọrùn yunifásítì ni ẹ̀bi náà wà.

Wọn kò sì lè sọ pé àwọn kò mọ̀. Ní ọdún 2013, àwọn olùṣèwádìí Harvard fúnra wọn ṣe ìṣirò fún àwọn ọ̀gá wọn pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìwé nìkan ni wọ́n ń wò, àwọn ọmọ ará Éṣíà yóò jẹ́ ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń wọlé, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdá 19 ni wọ́n wà lóòótọ́. Ó tún hàn nínú ẹjọ́ náà pé nígbà tí Harvard bá ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí èrò kò pọ̀ sí láti pè wọ́n kí wọ́n wá dán an wò, máàkì 1310 nínú PSAT, ìdánwò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń ṣe, ti tó fún ọmọ aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin ará Éṣíà ní láti gba 1380.

Máàkì ìwà yìí ní ìtàn, ìtàn náà kò sì dára. Ní ọdún 1922, nígbà tí àwọn ọmọ Júù ti lé ní ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tí ń wọ Harvard, ààrẹ yunifásítì náà, A. Lawrence Lowell, dá a lábàá pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kọjá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn olùkọ́ kọ̀ fún un. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1926, wọ́n ti rí ọ̀nà tí kò pariwo: wọ́n ní àwọn yóò máa wo ìwà àti irú ènìyàn tí ọmọ jẹ́ mọ́ ìwé tí ó mọ̀, iye àwọn Júù sì wálẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ òfin kankan tí ó dárúkọ wọn.

Ní báyìí, ta ló ń jẹ àyè tí wọ́n fi du àwọn ọmọ yìí? Arcidiacono kan náà tí ó jẹ́rìí fún àwọn olùpẹjọ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde ní ọdún 2019. Wọ́n rí i pé nínú àwọn aláwọ̀ funfun tí Harvard gbà, ó lé ní ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n ti kàwé jáde níbẹ̀, tàbí ọmọ òṣìṣẹ́, tàbí eléré ìdárayá tí wọ́n dìídì lọ pè, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ ọ̀gá àgbà, níbi tí ọmọ àwọn tí ń ta yunifásítì lọ́rẹ sábà máa ń wà. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Éṣíà àti àwọn ọmọ Látìn Amẹ́ríkà, kò sí èyí tí tirẹ̀ tó ìdá 16. Ìṣirò wọn sì fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aláwọ̀ funfun yìí ni kì bá wọlé bí kò bá sí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kódà ní ọdún 1990, nígbà tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wádìí ẹ̀sùn kan náà lórí Harvard, ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á tí àwọn ará Éṣíà kò fi wọlé tó àwọn aláwọ̀ funfun ni àwọn ọmọ ọmọ-ilé, ìyẹn ọmọ àwọn tí wọ́n ti kàwé jáde níbẹ̀, àti àwọn eléré ìdárayá. Wọ́n ní kò lòdì sófin, wọ́n sì pa ìwé dé.

N kò ní fi èyí tí ó le pamọ́. John Roberts, olórí adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹjọ́ Harvard yìí parí sí, mẹ́nu bà á nínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní ìpele kẹrin láti ìsàlẹ̀ nínú mẹ́wàá tí Harvard pín máàkì ẹ̀kọ́ sí ní àǹfààní ìdá 12.8 nínú ọgọ́rùn-ún láti wọlé, nígbà tí ọmọ ará Éṣíà tí ó wà lókè téńté ní 12.7. Òbí tí ó bá rí i tí ó sì bínú kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀: bóyá ó tọ́ kí yunifásítì ran ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́wọ́, àti bóyá ó tọ́ kí wọ́n ka ọmọ ará Éṣíà sí aláìníwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláwọ̀ funfun. Blum so méjèèjì pọ̀. Òun kan náà ló wà lẹ́yìn ẹjọ́ tí Abigail Fisher, obìnrin aláwọ̀ funfun, pe yunifásítì ìpínlẹ̀ Texas, tí ó sì fìdí rẹmi ní ọdún 2016. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Harvard lẹ́bi, ó sì fòpin sí wíwo ẹ̀yà nígbà tí a bá ń yan ọmọ. Àǹfààní ọmọ ọmọ-ilé wà níbi tí ó wà.

Láti ìgbà náà, ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí kì í fi tọmọ-ilé ṣe nǹkan kan, àwọn ará Éṣíà lọ láti ìdá 40 sí 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń wọlé ní ọdún 2024, àwọn aláwọ̀ dúdú sì já láti 13 sí 5. Ní Yale, àwọn ará Éṣíà ló wálẹ̀, láti 30 sí 24.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe ń sọ lọ. Ní ọdún 2004, Henry Louis Gates àti Lani Guinier, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard méjèèjì, sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ló jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n ṣí wá láti Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Kàríbíà, tàbí àwọn aṣíwọlé fúnra wọn, tàbí, ní ìwọ̀n díẹ̀, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Àwọn ọmọ wa jẹ nínú oúnjẹ tí wọ́n sè nítorí ọmọ ẹlòmíràn, ó yẹ kí á lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì yẹ kí etí wa ṣí sí ẹkún àwọn òbí ará Éṣíà, nítorí àwa tí a ti ṣe JAMB nílé mọ bí ó ṣe ń rí lára. Ìlànà yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà ni ìdá 45 fún máàkì, 35 fún agbègbè, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì mọ ọmọ tí ó gba máàkì gíga tí kò wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ti Nàìjíríà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á kí ó sì ta kò ó. Ta ló lè ta ko máàkì ìwà tí kò rí?

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n bá mi béèrè fún. Èkíní ti bẹ̀rẹ̀: ní ọdún 2024, Maryland fi òfin de àǹfààní ọmọ ọmọ-ilé ní yunifásítì ìjọba àti ti aládàáni, California náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà, Johns Hopkins ní Baltimore sì ti pa á tì kí òfin tó dé. Ó yẹ kí ó di òfin gbogbo Amẹ́ríkà. Èkejì kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbì kankan tí mo mọ̀: kí yunifásítì tí ó bá ń fún ọmọ ní máàkì ìwà máa tẹ àròpọ̀ máàkì náà jáde lọ́dọọdún, ní ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ti àwọn tí wọ́n rí ọmọ náà sójú sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn tí kò rí i.