"She has" kì í ṣe àrífín: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ care nílùú Ọba

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ care, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà, ní UK níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ "have" ni. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ òyìnbó, ẹ ti jókòó ṣe IELTS ẹ sì yege, ẹlòmíì nínú yín ti ṣe tíṣà rí nílé, ẹlòmíì ti ṣiṣẹ́ báńkì, torí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín ní ABD. Àmọ́ látìgbà tí ìjọba ibí ti ṣí físà sílẹ̀ fáwọn care worker ní February 2022 la ti pọ̀ gan-an lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nọ́ọ̀tì tá à ń kọ nípa àwọn àgbàlagbà yìí sì ni nọ́ọ̀sì máa kà, òun ni dókítà máa kà, àwọn CQC, ìyẹn àjọ tó máa ń wá yẹ care home wò ní England, náà máa kà á, tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú, ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn lẹ̀rí yín.

Èyí tó máa ń mú àwa ọmọ Yorùbá jù ni ti ọ̀wọ̀. Ìyá tó ti lé ní 90 ọdún, ẹnu wa ò gbà á ká pè é ní "ó", "wọ́n" la máa ń pe àgbà, ilé la ti kọ́ ọ. Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí wọ́n ní ká ṣe handover, ìyẹn ká ròyìn fáwọn tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹ máa gbọ́ tẹ́nì kan á sọ pé "they have pain in the leg", nọ́ọ̀sì á wá máa bèèrè pé àwọn wo, ṣé èèyàn méjì ni àbí yàrá tó kù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni, "she has" ni, bó bá jẹ́ bàbá "he has" ni, àrífín kankan ò sí níbẹ̀. (Òyìnbó míì wà tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní "they", tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ẹ pè é bẹ́ẹ̀, "they have" náà lẹ máa kọ.) Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún wọn níbí, ẹ kan ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ pe orúkọ wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ pè é, ẹ fi táwẹ̀lì bo ara wọn tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ wọ́n. Ibẹ̀ lọ̀wọ̀ wà.

Ohun kejì ni pé "ní" tiwa kì í yí. Mo ní, o ní, ó ní, lánàá o, lónìí o, bákan náà ni. Tiwọn ń yí, "I have", "she has", tó bá sì ti kọjá "had". Èyí tí mo máa ń rí jù ni "does she has" àti "she doesn't has". Ẹ wò ó, "does" yẹn ti gbé s lọ, kò tún kan "have" mọ́: "does she have", "she doesn't have", "did she have". Tẹ́ ẹ bá ti di èyí mú, ìdajì wàhálà ti tán.

Ti ìgbà ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Tẹ́ ẹ bá kọ "she has her tablets at 8", ohun tí òyìnbó máa kà níbẹ̀ ni pé aago mẹ́jọ ni ìyá yìí máa ń lo oògùn ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sọ pé wọ́n ti lò ó lónìí. "She has had her tablets" ló sọ ìyẹn. Òótọ́ ni pé MAR chart, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ oògùn, la máa ń fọwọ́ sí tá a bá fún èèyàn lóògùn, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ shift tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, nọ́ọ̀tì ló lè kọ́kọ́ ṣí, tó bá sì jẹ́ oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì bíi warfarin, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́nì kan bá ṣubú, "she had a fall at 3am", ẹ fi aago sí i, ẹ má kọ "she has a fall".

Àti "having" yẹn! Ohun téèyàn ní kì í gba "having". "She has a hearing aid", kì í ṣe "she is having". Oúnjẹ nìyẹn dáa fún, "she is having her lunch", torí pé ó ń jẹun lọ́wọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá sọ fún mánéjà yín pé "I am having two children", ó máa rò pé oyún ìbejì lẹ gbé sínú, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé ìgbà wo lẹ máa gba ìsinmi.

Àwọn ará ibí fẹ́ràn "got" gan-an. "Have you got your glasses?" Wọ́n á sọ pé "she's got dementia" kíákíá báyìí, s tó wà níbẹ̀ "has" ni, kì í ṣe "is".

Èyí tó kù ni fọ́ọ̀mù ẹrù. Tí ẹni tuntun bá wọlé, a máa ń kọ gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, aṣọ, eyín àtọwọ́dá, ẹ̀gbà ọrùn. Òrùka tó ń tàn yẹn, ẹ má kọ pé góòlù ni, ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ góòlù, "she has one yellow metal ring" ni kẹ́ ẹ kọ. Tí òrùka bá jẹ́ ti ọmọ ẹ̀, "it belongs to her daughter", kì í ṣe "it is belong to". Lọ́jọ́ tí àwọn mọ̀lẹ́bí bá wá kó ẹrù, tí nǹkan kan ò bá pé, ìwé yẹn ni wọ́n máa gbé jáde, torí náà ẹ kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.