Dubai sí Guangzhou: ẹ má fi aago ara tíkẹ́ẹ̀tì ka ìrìn-àjò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yà ní Dubai kẹ́ ẹ tó kọjá sí Guangzhou ní Ṣáínà lọ rajà, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ o. Àwa tá a ti ń ná ọ̀nà yẹn ọjọ́ ti pẹ́ mọ̀ pé ìṣirò àkókò ló ń da ètò èèyàn rú jù, ó ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìlú méjèèjì jìnnà síra tó bíi 5,800 kìlómítà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Èkó sí Dubai, torí náà tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti ń bọ̀, Dubai yẹn, ìdajì ọ̀nà lẹ ṣì wà. Bàálù tó bá lọ tààrà máa ń lò tó wákàtí méje àti ààbọ̀ lófurufú. Àmọ́ Guangzhou fi wákàtí mẹ́rin ṣíwájú Dubai, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an ló ti ń lọ́jú pọ̀. Ká ní ẹ gbéra ní Dubai laago mẹ́wàá àárọ̀, ó máa tó aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ kẹ́ ẹ tó balẹ̀, ara yín á ṣì máa sọ pé ìrọ̀lẹ́ ni, oorun ò ní kun yín rárá nígbà tí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń múra àtisùn.

Alhaja kan tó ń ta bàtà àti báàgì ló kọ́ mi lóhun tí mò ń ṣe dòní. Bá a ṣe de bẹ́líìtì tán báyìí, màmá bọ́ aago ọwọ́ wọn, wọ́n yí i sí ti Guangzhou, aago yẹn ni wọ́n fi jẹun, òun náà ni wọ́n fi sùn. Ìgbà tá a balẹ̀, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere ju tàwa ọ̀dọ́ lọ.

Àbọ̀ máa ń pẹ́ ju àlọ lọ, ó máa ń lé ní wákàtí mẹ́jọ. Atẹ́gùn líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, tẹ́ ẹ bá ń lọ á máa ti bàálù lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ á máa dá a dúró, pàápàá nígbà òtútù wọn, oṣù kejìlá sí ìkejì. Síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì á jọ bíi pé àbọ̀ ló yá jù, torí ẹ lè gbéra láàjìn kẹ́ ẹ sì wà ní Dubai ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí.

Ẹ jọ̀ọ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ máa kà. Ẹ dé pápákọ̀ Dubai ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ibẹ̀ tóbi gan-an. Ní Baiyun, ìyẹn pápákọ̀ Guangzhou, ẹ máa tò fún ìmígíréṣọ̀n, ẹ máa dúró de ẹrù, ó tún ku bíi 28 kìlómítà sí àárín ìlú. Reluwé Line 3 rọrùn lówó ju tàkísì lọ dáadáa, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú. Tó bá bọ́ sí ìgbà Canton Fair, ìpàtẹ ọjà ńlá tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ láti oṣù kẹrin àti ìkẹwàá, èrò á pọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì á sì wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ dé sílé ọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24, hòtẹ́ẹ̀lì ló máa ń bá èèyàn ṣe é tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ dé sí.

Ẹ má bá ẹni tó ń ta ọjà fún yín ṣàdéhùn àárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán. Tó bá sì jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti máa fowó ránṣẹ́, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti pè wọ́n, torí nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní Guangzhou, aago méjì òru ni l'Ékòó.