Ọdún tí a fi ẹnu ka Fágúnwà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọdún ń lọ. Mo ra máṣìnì ìránṣọ tuntun, ọmọ mi àgbà wọ yunifásítì, àìsàn ò sì dá wa dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú ọdún yìí, ìwé ìtàn àròsọ Bàbá D. O. Fágúnwà tí mo ń kà sétí àwọn ọmọṣẹ́ mi ni màá mú.

Ìsọ̀ ìránṣọ wa ò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Bí iná bá ti lọ, tí áyọ́ọ̀nù tutù, màá ṣí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Ẹnu ni Bàbá fi ń kọ̀wé! Gbólóhùn wọn lè gùn bí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, síbẹ̀ èémí ò ní í já mọ́ni lẹ́nu: wọ́n á sọ ọ̀rọ̀, wọ́n á tún un sọ lọ́nà mìíràn, wọ́n á fi òwe tì í lẹ́yìn. Orúkọ àwọn ọdẹ inú ìwé náà lásán ti tó ìtàn: Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn, Olóhùn-iyọ̀, Ìmọ̀dóye. Bí Àgbákò, ẹbọra olójú mẹ́rìndínlógún, bá sì yọ, kò sẹ́ni tó ń wo fóònù mọ́.

Ọmọ Òkè-Igbó ni wọ́n, àmọ́ St. Andrew's College, Ọ̀yọ́ níbí, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ọ̀yọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé nígbà tí ìwé yìí jáde ní 1938. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń di etí ọmọ mú.

Ibì kan dùn wá o. Kàkó fẹ́ bá àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Kàkó pa á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi gbé aṣọ tó ń tú sílẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, irú ọkọ wo nìyí?” A ò kàwé mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn Bàbá Fágúnwà dénú, síbẹ̀ mo gbà pé wọ́n tètè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú obìnrin yẹn jù.

Àwọn kan ní ìwàásù ti pọ̀ jù nínú ìwé náà. N ò fara mọ́ ọn. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn ọdẹ ti wọ ilé Ìrágbèje olójúlé méje, ọlọgbọ́n tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìsọ̀ títí iná fi dé, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ dìde lọ sídìí máṣìnì.

Igbó Olódùmarè, ìwé Bàbá mìíràn, ló kàn lọ́dún tuntun. Ọmọ tó bínú sí Kàkó yẹn ti ní òun ni yóò máa ka ọ̀rọ̀ ẹnu Èṣù-kékeré-òde, kí èmi máa ka ti Olówó-ayé tí wọ́n jọ kojú ara wọn níbẹ̀.