Abẹ́rẹ́ Ara Ọmọláńgidi

Nígbà tí ọmọ mi mú lẹ́tà wálé pé ilé ìwé wọn ń wá òbí tó mọ aṣọ rán, mi ò tilẹ̀ béèrè irú eré tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ, láti Ìkìrun títí dé Peckham ní London. Fìlà funfun mẹ́wàá, aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, kí ló le níbẹ̀? Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé ló jẹ́ kí n wá awò ojú mi: ọmọláńgidi aláṣọ kan, kí abẹ́rẹ́ gígùn wà ní ikùn rẹ̀.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, èmi ni wọ́n fi ṣe Abigail."

The Crucible ni eré náà, tí Arthur Miller kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní New York ní 1953. Salem, ní Massachusetts, ní ọdún 1692 ló ti ṣẹlẹ̀, láàrin àwọn Puritan, àwọn onígbàgbọ́ tí ijó lásán jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn. Ọmọ òrukàn ni Abigail, ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Parris tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló ń gbé. Pásítọ̀ ká òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ inú igbó níbi tí wọ́n ti ń jó lóru. Kí wọ́n má baà jẹ pàṣán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn ní àjẹ́. Abigail sì ní orúkọ kan tó ti fi pamọ́ sínú tipẹ́. Ó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí nílé John Proctor, ọkùnrin náà bá a sùn, Elizabeth ìyàwó rẹ̀ sì lé e jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Bí mo bá ń já ẹ̀fọ́, ìwé á wà níwájú mi, èmi ni adájọ́ Danforth, èmi ni Proctor, èmi ni gbogbo ìlú. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìparí, níbi tí Proctor ti fa ìwé ìjẹ́wọ́ èké tó fọwọ́ sí ya, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n kan orúkọ òun mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń ké ọ̀rọ̀ yẹn débi pé aládùúgbò wa kan ògiri lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo bẹ̀rù. Nínú kóòtù, nígbà tí ọ̀ràn fẹ́ bọ́ sí i lórí, Abigail ṣàdédé gbójú sókè, ó ní ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè kan wà lórí igi àjà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ya ojú òun. Ọmọ mi gbójú sí àjà ilé ìdáná wa, níbi tí omi ilé òkè ti jò sí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ mi tó sọ pé irọ́ ló ń pa, síbẹ̀ èmi náà gbójú sókè.

Ọmọláńgidi ńkọ́? Mary Warren, ọmọ ọ̀dọ̀ tó rọ́pò Abigail nílé Proctor, ló rán an. Ó jókòó sí kóòtù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó fi ń pa àkókò, ó wá gbé e fún Elizabeth nígbà tó délé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Abigail kígbe nídìí oúnjẹ, wọ́n sì fa abẹ́rẹ́ yọ ní ikùn rẹ̀. Ó ní ẹ̀mí Elizabeth ló gún òun. Nígbà tí wọ́n dé ilé Proctor, wọ́n bá ọmọláńgidi, abẹ́rẹ́ wà níkùn òun náà.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ mi. Bí iṣẹ́ bá dá lágbede méjì, níbo lẹ ń fi abẹ́rẹ́ sí? Ṣebí ara aṣọ náà ni, kó má baà sọ nù, kí ọmọdé má baà tẹ̀ ẹ́. Ohun tí Mary ṣe nìyẹn, Abigail sì jókòó tì í nígbà tó ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ mìíràn ni Abigail fi gún ara rẹ̀, kò fọwọ́ kan ti ara ọmọláńgidi. Ohun tó wà nílẹ̀ ló mú lò. Ẹ̀rù ọgbọ́n yẹn bà mí ju ti ẹyẹ lọ.

Olùkọ́ wọn ló sọ fún wọn pé Abigail Williams gbé ayé lóòótọ́. Miller sọ ọ́ di ọmọ ọdún 17 nínú eré, Proctor sì jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé. Nínú òtítọ́, bí ọmọ ọdún 11 tàbí 12 ni, Proctor sì ti tó ẹni ọgọ́ta. Àgbèrè yẹn, Miller ló hun ún. Inú bí mi. Mo mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n ń dọdẹ àwọn kọ́múníìsì ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, nígbà tí ọ̀rẹ́ ń dárúkọ ọ̀rẹ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́jọ́ níwájú wọn ní 1956, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó fi àgbèrè kan ọmọ ọdún 11?

Ọmọ mi tún rí nǹkan kan kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní March 1692, nílé ọtí kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn kígbe pé ẹ̀mí ìyàwó Proctor ti dé. Àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ní irọ́ ni. Ọmọ náà ní eré lòun ń ṣe, àwọn gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi ṣeré. Wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn! Ní 19 August, wọ́n yẹgi fún John Proctor. Oyún inú Elizabeth ló gbà á. Àwọn 19 ni wọ́n yẹgi fún lápapọ̀, wọ́n sì to òkúta lé Giles Corey, àgbàlagbà tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún, láyà títí ó fi kú.

Ọmọ ọdún 11 lèmi náà nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀.

Mo jí ẹran jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ màmá mi, bóyá ó ti bàjẹ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Màmá mi ní, "Kí lo jẹ?" Mo ní n ò jẹ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n màmá mi wà níbẹ̀, ó ní, "Àbí o jẹun lójú àlá ni?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ta ló fún ọ jẹ?" Ẹ wò ó, mi ò ronú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá kan ń kiri èkuru kọjá níta lákòókò yẹn gan-an, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ẹlẹ́kuru."

Kò sí ẹni tó nà án. Wọ́n kàn ṣíwọ́ rírà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe gbé igbá èkuru jáde ló ń gbé e bọ̀. Èmi ni wọ́n ń se ẹyin fún, èmi ni wọ́n ń gbàdúrà lé lórí níbi ìsọ́ òru, àgbàlagbà ń wo ẹnu mi kí n tó sọ̀rọ̀. Mo gbádùn rẹ̀, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ kan ó bá mi nídìí kàǹga, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ara ti yá?" Mo ní ó ti yá, mà. Mo sá lọ. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi wá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ifẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tí eré parí ni mo tó sọ èyí fún ọmọ mi, nínú bọ́ọ̀sì, ọmọláńgidi wà lórí itan rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún bí ibùdókọ̀ méjì. Ó wá sọ fún mi pé ọ̀kan nínú wọn, Ann Putnam, dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 1706, pásítọ̀ sì ka ìwé àforíjì rẹ̀ sí etí gbogbo ìjọ.

"Ṣé ẹ lọ bẹ̀ ẹ́?"

Mo ní ó ti kú kí n tó gbọ́n.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo ronú títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kuru nìkan ni mo mọ̀.