Ta ni wọn yóò wá jẹ́wọ́ fún?

Òjò kò jẹ́ kí n jáde lónìí, mo sì jókòó ti ìtàn ogun abẹ́lé Írẹ́lándì títí iná fi lọ. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Alákọrin sọ lánàá ni kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń sọ fún wọn pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1922, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Írẹ́lándì kọ lẹ́tà kan tí wọ́n kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹni tó bá ń gbé ìbọn dojú kọ ìjọba tuntun kò gbọdọ̀ rí ìdáríjì gbà nínú ìjẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba Ara Olúwa. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Ta ni wọn yóò wá jẹ́wọ́ fún?"

N kò rí èsì kankan fún wọn. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni àwọn tí wọ́n ń lé nídìí pẹpẹ yìí, àwọn àti ìjọba náà ni wọ́n sì jọ bá Gẹ̀ẹ́sì jà kí àdéhùn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1921 tó pín wọn níyà. Rory O'Connor, ọ̀kan nínú àwọn olórí jagunjagun tó kọ àdéhùn náà, ló ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó fún Kevin O'Higgins ní 1921. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún tó tẹ̀ lé e, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún ńlá fún Màríà Wúńdíá, ìjọba tí O'Higgins jẹ́ mínísítà nínú rẹ̀ yìnbọn pa á láìgbẹ́jọ́, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ara mi bù máṣọ.

Nígbà ogun náà, ìjọba ń pàṣẹ orúkọ tí ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ máa pe ọ̀tá. Àwọn ọ̀tá náà ń tẹ ìwé tiwọn. Ìyẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè ju ìwé ìròyìn nù, ṣùgbọ́n ta ló lè ju ìjẹ́wọ́ nù?

Síbẹ̀, àwọn ọ̀tá ìjọba náà ń fọ́ afárá, wọ́n ń ba ojú irin jẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn. Ṣé kí olùṣọ́ àgùntàn máa wòran ni? Bóyá èmi náà ì bá kọ lẹ́tà… Rárá. Nígbà tí ìjọba pa àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Byrne ti Dublin kọ̀wé àtakò sí Cosgrave, olórí ìjọba, ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀ ni. Kí ló dé tí wọn kò ka ìyẹn lórí pẹpẹ?

Mo rántí Fadá Albert àti Fadá Dominic báyìí, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Kapúṣínì tó wà pẹ̀lú àwọn jagunjagun nínú Four Courts, ilé ẹjọ́ ńlá ní Dublin, nígbà tí àgbá ń dún lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà, wọ́n rán wọn lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí. Ọdún 1958 ni wọ́n tó gbé òkú wọn padà wá sí Cork. Inú mi dùn pé wọ́n délé. Ìbínú mi sí lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ yẹn ni kò tíì rọ̀.