Ohun tí ṣéènì onílà méjì fi ojú mi rí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo fi kámú tó tóbi sí Tahoe mi

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn V8, ẹ wá gbọ́ o. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ṣéènì tó so kíráǹkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) pọ̀ mọ́ kámú (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), torí owó tí mo ná lórí ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí mo bá sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò ní sùn nílé.

Tahoe 2003 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 5.3, èyí tí wọ́n ń pè ní LM7, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àwọn LS tó kù, ìyẹn ẹbí ẹ́ńjìnnì V8 ti GM. Ó ti ń dún tì-tì-tì lápá ọ̀tún láti bí oṣù mẹ́ta, mo ń fi ọ́ìlì tó ki tàn án jẹ, mo ń yí rédíò sókè, títí tí kò fi gbà mọ́. Nígbà tí Alfa tó jẹ́ mẹkáníìkì mi tú u (Alfa là ń pè é, kì í ṣe pé ó ń kéwú o, irùngbọ̀n ló fà á), ó bá lifter kan (irin kékeré tí kámú ń tì kí fáàfù tó ṣí) tí róòlà ẹ̀ ti gan, kò yí mọ́, ó ti ń ha kámú jẹ. Bí kámú tuntun ṣe di dandan nìyẹn. Top cylinder méjèèjì ti wà nílẹ̀ náà, torí lifter LS ò kúkú lè jáde láì jẹ́ pé ẹ yọ wọ́n, mo bá ní ṣebí gbogbo ẹ̀ ti tú sílẹ̀, kí ló dé tí mi ò ní kúkú fi kámú tó tóbi díẹ̀ sí i, kó máa dún gbùdù-gbùdù lójú kan bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló bá mi rà á, òun àti spríńgì fáàfù àti lifter mẹ́rìndínlógún.

Ó wá ku ṣéènì. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí lórí fóònù pé irú èwo ni, onílà kan tàbí onílà méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní double roller. Mo bi Alfa. Alfa ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: "Ọ̀gá mi, séènì onílà méjì ni kí wọ́n gbé wá o, okùn méjì kì í já bí ọ̀kan." (Séènì ló ń pè é, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni.) Ó wá fi Mercedes ṣe ẹ̀rí, torí Mercedes ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ má bínú, òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Mercedes 380 ti nǹkan bí 1981 sí 1983 tí wọ́n tà sí Amẹ́ríkà, ìlà kan ni ṣéènì ẹ̀, ó sì fojú ọ̀pọ̀ èèyàn rí màbo, tó fi jẹ́ pé nígbà tó di 1984 wọ́n dá a padà sí ìlà méjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ṣéènì ti Benz yẹn ṣe gùn tó, láti ìsàlẹ̀ ó gba orí top cylinder ọ̀tún, ó tún gba ti òsì, kó tó padà sílé. Ti LS, inú block ni kámú wà, kò jìnnà sí kíráǹkì rárá, ṣéènì náà kúrú, bóyá kó tiẹ̀ má tó ìgbànú ọmọdé. Iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Èmi ò mọ̀yẹn nígbà náà, mo kàn gbọ́ "okùn méjì", orí mi wú.

Double roller náà dé. Ẹ wò ó, ó rẹwà! Ó wúwo lọ́wọ́, gíà ẹ̀ ń dán, ihò keyway mẹ́ta, ibi tí kọ́kọ́rọ́ tó ń di gíà mú mọ́ kíráǹkì ń wọ̀, ló wà lára gíà kíráǹkì. Ohun tí kò sí nínú páálí ẹ̀ ni spacer, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sẹ́yìn oil pump. Ẹni tó tà á fún ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ rà á fún ọkọ̀ tiẹ̀, kò lò ó, spacer ti sọnù sọ́dọ̀ ẹ̀, kò sì sọ. Tẹ́ ẹ bá máa gbé nǹkan kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ gbé èyí: lára LS, oil pump orí imú kíráǹkì gan-an ló jókòó sí, iwájú ṣéènì báyìí. Ṣéènì tó bá fẹ̀ á gba àyè oil pump, ẹ gbọ́dọ̀ fi spacer ti pump síwájú díẹ̀. Tí kò bá sí spacer, ṣéènì á máa fara ha ẹ̀yìn pump.

Ó sì ha á. A fi ọwọ́ yí kíráǹkì, a gbọ́ ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, Alfa ní kékeré ni, ó mú fáìlì, ó ha ara pump díẹ̀, ó ní ó ti yọ. A dì í. Ó sì jí, ó dún bí mo ṣe fẹ́ kó dún gẹ́lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Òjóò jáde wá wo mọ́tò. Ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí Challenge, mo padà, mo gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì tó bá ti gbóná. Ọjọ́ kẹrin ọkàn mi ò balẹ̀, mo ní kí Alfa dá ọ́ìlì sílẹ̀ ká wò ó. A dà á sínú abọ́ ṣíṣí, a gbé e sójú oòrùn, ó ń tàn yanranyanran bí aṣọ ìyàwó. Irin wẹ́wẹ́ ni! Nínú ọ́ìlì tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan!

Bí a tún ṣe tú iwájú nìyẹn. Tẹ́ ò bá tíì tú iwájú LS rí, omi ráídíétọ̀ á jáde, fáànù á jáde, púlì iwájú kíráǹkì tí wọ́n ń pè ní balancer á jáde, bóòtù ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká lò ó, tó bá ti tú, tuntun ló kàn, torí ó ti nà. Èmi ti ra méjì báyìí, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Alfa ní ká lọ gbẹ́ spacer lọ́dọ̀ táńà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Táńà náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ́ ò nípọn dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Nígbà tí pump sì ti sún síwájú, páìpù tó ń fa ọ́ìlì láti inú pan wá bá a ò ṣe déédéé mọ́, a fi tipátipá kì í bọ inú ẹ̀, o-ring ẹ̀, rọ́bà róbótó tó ń dí ojú páìpù, bá há, ó ya. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kò sí wàhálà. Àmọ́ ní Ìwó Road ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, inú hóòdù-ọ́ọ̀pù, ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, abẹ́rẹ́ oil pressure ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí mo bá tẹ fún un díẹ̀ ó ń gbọ̀n. Mo pa á lójú títì níbẹ̀, mo ní kí wọ́n wá fà mí. Àwọn awakọ̀ máíkírà ṣépè fún mi títí wọ́n fi sú, mo dákẹ́, torí mo mọ̀ pé bearing kíráǹkì ju èpè lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé nípa ẹ̀ gidi. Ohun tó yé mi rèé.

Ohun tó ń fìyà jẹ ṣéènì jù lọ ni spríńgì fáàfù. Kámú tó bá ń gbé fáàfù sókè gan-an, tó sì ń ṣí i kíá, á fẹ́ spríńgì tó le. Spríńgì tó le á máa ti kámú padà, á tún máa tì í síwájú nígbà tí fáàfù bá ń padé, gbogbo fàá-n-fàá yẹn orí ṣéènì ló ń bọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá tún wá ń gbé e dé ìyípo 7,000 ní ìṣẹ́jú kan ní gbogbo ìgbà, ó di wàhálà míì. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "ṣéènì wo ló nípọn jù", ìbéèrè ni pé spríńgì yín le tó báwo, ẹ ó sì máa sáré ẹ̀ tó báwo. Èmi tí mò ń lọ láti Òjóò sí Dùgbẹ̀, tí mo máa ń yà ní Bódìjà ra tòmátì fún ilé, níbo ni mo ti fẹ́ rí 7,000? Kámú mi, níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Spríńgì ẹ̀ le ju ti ilé lọ díẹ̀ ni. Ṣéènì onílà kan tó dáa, irú èyí tí wọ́n fi sára LS2, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì LS, láti ilé iṣẹ́, ti tó mi, ó tún kù. Àwọn tó ń ṣe irú kámú báyìí lókè òkun, òun ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Kò nílò spacer, kò ba oil pump jà. Ó tún ní damper, ike kékeré tó ń mú ṣéènì kó má máa jó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ojú block yín, kì í ṣe gbogbo block ló ní ihò tí bóòtù damper ń wọ̀. Tèmi ní in, Ọlọ́run bá mi ṣe é.

Mi ò ní double roller ò dáa o. Ẹni tí spríńgì ẹ̀ le gan-an, tó ń sá eré ìje, kó rà á, kó ra spacer ẹ̀ pọ̀, kó sì wo páìpù ọ́ìlì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ tún ra gíà méjèèjì pẹ̀lú ṣéènì papọ̀, ẹ má fi ṣéènì tuntun sórí gíà tí eyín ẹ̀ ti mú bí eyín ajá.

Ó ku ọ̀rọ̀ keyway mẹ́ta yẹn, torí ó tún ṣe wá. Ọ̀kan wà fún àárín, ọ̀kan fún kí kámú ṣíwájú, ọ̀kan fún kó pẹ́ lẹ́yìn, ìwọ̀n bíi degree 4 sí ibí, 4 sí ọ̀hún. Tó bá ṣíwájú, agbára á pọ̀ nísàlẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì máa yí kíákíá, èyí tó dáa fún òkè Mókólá. Tó bá lọ sẹ́yìn, agbára á wá lókè, nígbà tó bá ń yí kíákíá. Ìkọ̀ọ̀kan ní àmì tiẹ̀, a fi kọ́kọ́rọ́ sí ihò àárín, a wá ń wo àmì ti ihò kejì, ẹ́ńjìnnì ń hú bí ewúrẹ́ tó ní ikọ́. Ẹ rora wo ìwé tó bá a wá. Àmì kíráǹkì á wà lókè ní aago 12, ti kámú á wà nísàlẹ̀ ní aago 6, kí àwọn méjèèjì kọjú síra. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ yí kíráǹkì ní ìyípo méjì pípé, torí kíráǹkì yí ẹ̀ẹ̀mejì kí kámú tó yí ẹ̀ẹ̀kan, tó bá kọ nǹkan níbì kankan, ẹ dúró, ẹ má tẹ sítátà! Fáàfù tó bá pàdé písítìnì, kò sẹ́ni tó máa bá yín là wọ́n. Bóòtù gíà kámú mẹ́ta, ẹ fún un dé 26 lb-ft, pẹ̀lú loctite búlúù, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú, kì í ṣe "mo ti fún un" ti Alfa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Corolla àti Camry 2.4, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ṣéènì tiyín gùn ju tèmi lọ, ọ́ìlì ló sì ń ti tẹ́ńsọ̀nà ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú un le kó má dẹ̀. Tó bá ń ké gàràgàrà ní ìṣẹ́jú àáyá méjì àkọ́kọ́ láàárọ̀, ó ń ránṣẹ́ sí yín. Wọ́n máa ń ní ṣéènì nà, kì í nà bíi rọ́bà o, pin àti ihò tí pin wà ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan kékeré, àpapọ̀ wọn ló di gígùn. Tẹ́ ẹ bá sì lọ sí Àrárọ̀mí ní Gate, tí wọ́n fún yín ní tòkunbọ̀ ṣéènì, ẹ dì í mú ní ìkángun kan, ẹ jẹ́ kó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó ti jẹ á tẹ̀ wálẹ̀ bí ọrun, ẹ gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, ìbáà jẹ́ pé Belgium ni wọ́n pè é.

Mo ti fi ṣéènì onílà kan yẹn pààrọ̀ double roller, Tahoe ń lọ dáadáa báyìí, abẹ́rẹ́ ọ́ìlì dúró gírí ní Ìwó Road, ó sì ṣì ń dún gbùdù-gbùdù. Double roller wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú àpò sìmẹ́ǹtì, ìyàwó mi rò pé irinṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, spacer nìkan ni kó wá mọ bó ṣe máa rí.